Ọpẹ́ Ìrẹsì Tí A Kò Jẹ

Òórùn yíǹkì ló máa ń kọ́kọ́ dé imú mi tí mo bá rántí ilé ìtẹ̀wé yẹn, yíǹkì àti gọ́ọ̀mù tí mo máa ń pò nínú ike ọ̀dà, àti pépà tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já okùn ìdì rẹ̀. Ìgboro Oǹdó ló wà, ilé ilẹ̀ kan tí wọ́n fi páànù bò. Tí ọyẹ́ bá ti dé, eruku pupa á máa gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, èmi á sì máa fi àkísà nu orí tábìlì mi kí ó má bàa ba kàlẹ́ńdà oníkàlẹ́ńdà jẹ́. Ìwọ náà mọ̀ mí, ọ̀rẹ́ mi, mi ò lè rí ìdọ̀tí kí n dákẹ́. Iṣẹ́ tèmi ni kí n to ìwé, kí n gé e, kí n lẹ̀ ẹ́, kí n dì í. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń pè mí ní Ìyá Gọ́ọ̀mù, orúkọ tí mo kọ́kọ́ ń bínú sí, tí mo wá ń jẹ́ bí oyè nígbà tó yá. Títí di òní, tí ẹnì kan bá pè mí bẹ́ẹ̀ nínú ọjà, mo mọ̀ pé ara wa ni.

Ẹni tó ni ilé iṣẹ́ náà, Àkúrẹ́ ló ń gbé, ní Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́ náà sì ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ọmọ Ìsìkàn, nínú Àkúrẹ́ náà, ni. Ó ti ṣe tíṣà rí, ìṣe tíṣà ò sì kúrò lára rẹ̀. Kì í pariwo, kì í bú ènìyàn, ṣùgbọ́n kì í yin ènìyàn náà. Tó bá wá sí Oǹdó, á mú iṣẹ́ tí o ṣe, á yí i síwájú, á yí i sẹ́yìn, á wá gbé e kalẹ̀. Tó bá ti gbé e kalẹ̀ láìsọ nǹkan kan, iṣẹ́ dára nìyẹn. Mo bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún gbọọrọ láìmọ bí eyín rẹ̀ ṣe rí. Yorùbá inú ìwé ló máa ń bá wa sọ, a ò gbọ́ kí ó sọ èdè Àkúrẹ́ rí, bí ẹni pé ó fi í pamọ́ sílé kí ó tó jáde. Ohun kan ṣoṣo tí a fi ń mọ̀ pé ó rí wa ni ìrẹsì Kérésì. Lọ́dọọdún, tí iṣẹ́ kàlẹ́ńdà bá ti parí, á fi àpò ìrẹsì ránṣẹ́ sí Oǹdó, àwa á fi kọ́ńgò wọ̀n ọ́n pín láàárín ara wa, kálukú á gbé tirẹ̀ lọ sílé.

Ọdún tí mo ń sọ yìí, nǹkan le. Ojoojúmọ́ ni owó pépà ń lọ sókè. Epo tí a ń bù sí jẹnẹrétọ̀ di ohun tí à ń torí rẹ̀ ṣọ́ ara wa. Ìròyìn wá ń rìn nílẹ̀ pé Ọ̀gá fẹ́ ti ẹ̀ka Oǹdó pa lẹ́yìn ọdún tuntun, kí ó kó ẹ̀rọ lọ sí Àkúrẹ́. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún wa lójúkojú, ṣùgbọ́n máníjà wa, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wá dákẹ́ pátápátá, tó bá sì gba fóònù láti Àkúrẹ́, ìta ló ń lọ gbà á. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Bàbá ọmọ mi ti kú, ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ibi gọ́ọ̀mù yẹn ni mo ti ń rí owó tọ́jú rẹ̀. Tí wọ́n bá ti ibẹ̀ pa, níbo ni obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju kí ó di ìwé lọ, fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí? Kò sí àdúrà mìíràn tí mo ń gbà lọ́dún yẹn ju pé kí ilé iṣẹ́ má kú.

A tẹ kàlẹ́ńdà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ti àwọn ìdílé tó fẹ́ kí àwòrán bàbá wọn tó ti kú wà lára ògiri. Ọwọ́ mi bó, gọ́ọ̀mù gbẹ sí mi léèékánná, ṣùgbọ́n a parí, a sì kó wọn fún àwọn oníbàárà. A wá jókòó, à ń retí ìrẹsì. Ìrẹsì ò dé. Onímáṣìn wa, ọkùnrin Oǹdó kan tó ní ikùn tó sì fẹ́ràn ikùn náà, kò lè fara balẹ̀ mọ́. Bí ọkọ̀ kan bá ti rọra kọjá níwájú ilé, á ti sáré dé ẹnu géètì, á tún rọra padà wá síbi máṣìn bí ẹni pé atẹ́gùn ló lọ gbà. A fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Nínú yẹ̀yẹ́ yẹn náà, ẹ̀rù ń bà wá, torí tí Ọ̀gá ò bá ti rántí ìrẹsì, ó lè jẹ́ pé àwa fúnra wa ló ti gbàgbé.

Ọ̀sán ọjọ́ tí owó oṣù wọlé, mo ń gé etí ìwé ètò ìsìnkú kan lọ́wọ́ nígbà tí fóònù mi gbọ̀n nínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi. Ti onímáṣìn náà dún. Ti awakọ̀ wa dún níta. Mo yọ tèmi, mo wo iye tó wọlé, mo fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ nu ojú fóònù náà torí mo rò pé gọ́ọ̀mù ló lẹ̀ mọ́ ọn. Kì í ṣe gọ́ọ̀mù. Owó náà fi bí ìdajì ju owó oṣù mi lọ. Mo gbójú sókè, mo rí i pé gbogbo wọn ló ń wo ara wọn, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ la ẹnu. Onímáṣìn ló sọ ọ́ jáde, ojú rẹ̀ ń dán, ó ní ìrẹsì ti dé nìyẹn, pé Ọ̀gá ti rí i pé kíkó àpò ìrẹsì kiri ti di wàhálà, ó kúkú sọ ọ́ di owó kí kálukú lọ ra èyí tó wù ú. Bó ṣe wọ̀ wá lọ́kàn nìyẹn. Awakọ̀ wa tún fi kún un pé ẹni tó fẹ́ ti ilé iṣẹ́ pa ò ní máa pín owó, a jẹ́ pé irọ́ ni ìròyìn tí à ń gbọ́. Mo gbà á gbọ́ torí pé mo fẹ́ gbà á gbọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, mo ti fi lára owó náà san èyí tó kù nínú owó ilé ìwé ọmọ mi.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò bá wa yọ̀, ọkùnrin tó ń fi kọ̀ǹpútà ya iṣẹ́. Ìwọ mọ irú wọn, ẹni tí o bá kí pé ẹ káàárọ̀ tí á kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé kí ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. Ó ní òun ò fara mọ́ ọn, pé ìrẹsì kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nǹkan mìíràn ló wà lọ́kàn tèmi. Mo ti ń rò ó pé ọjọ́ Sátidé la máa lọ sí Àkúrẹ́ lọ dúpẹ́.

Ilé tí wọ́n ti bí mi, tí wọ́n bá fún ọ ní nǹkan lónìí, o gbọ́dọ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà ẹni náà láàárọ̀ ọ̀la pé ẹ ṣeun àná. Ìyá mi ò fi ṣeré rárá. Ó ti dá mi padà lójú ọ̀nà ilé ìwé rí, pẹ̀lú báàgì lọ́rùn mi, pé kí n lọ kúnlẹ̀ fún ìyá kan ládùúgbò tó fún mi ní orí ẹja lálẹ́ àná. Mo pẹ́ lẹ́yìn nílé ìwé, tíṣà nà mí, mo sunkún délé, ìyá mi ní kí n sunkún tán, ṣùgbọ́n orí ẹja ọ̀hún ti di tèmi wàyí. Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Lójú tirẹ̀, ohun tí o kò bá tíì dúpẹ́ rẹ̀, ṣe lo kàn bá wọn gbé e dání. Nígbà tí mo sọ fún àwọn tiwa pé Àkúrẹ́ yá, ìdajì wọn ti ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, torí bí wọ́n ṣe tọ́ àwọn náà nìyẹn. Oníkọ̀ǹpútà ló dìde.

"Tó bá jẹ́ pé wọ́n ṣì í san ni ńkọ́?" ó bi mí. "Tí a bá lọ dúpẹ́, àwa la ti fẹnu ara wa sọ ọ́ yẹn o."

Mo wò ó dáadáa. "Tí wọ́n bá ṣì í san, ká mọ̀. Tó bá fún wa, ká dúpẹ́. Èyí tó wù kó jẹ́, Àkúrẹ́ là ń lọ."

Máníjà wa tó ti ń wolẹ̀ látàárọ̀ ní òun á béèrè bọ́ọ̀sì tí a fi ń kó kàlẹ́ńdà. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, mo fẹ́ràn ara mi lọ́jọ́ yẹn. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀ pé ohun tí oníkọ̀ǹpútà sọ ṣeé ṣe. Mo mọ̀ ọ́n, ó sì gún mi láyà, torí mo ti ná lára owó náà. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa fi ẹ̀rù jẹ oúnjẹ nínú ilé ara mi.

Láàárọ̀ Sátidé, a di iṣu Oǹdó sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, iṣu tó kún ọwọ́, èmi fúnra mi ni mo ṣà á. Onímáṣìn mú àkùkọ kan wá láti ilé rẹ̀, àkùkọ náà kò sì yéé kọ títí tí a fi kúrò ní ìgboro. Nígbà tí a dé Ọ̀wẹnà, a sọ̀ kalẹ̀ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á létí ọ̀nà. Ọyẹ́ náà bo igbó mọ́lẹ̀ débi pé a ò rí òkè kankan. Inú ọkọ̀ ń gbóná fún orin Kérésì, máníjà jẹ́ẹ́jẹ́ náà ń fi ìka lu orúnkún. Oníkọ̀ǹpútà jókòó lẹ́yìn pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkùkọ, àwọn méjèèjì ń wo ara wọn láìfọkàn tán ara wọn.

Àdúgbò tó dákẹ́ ni Ìjàpọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ti dé ibẹ̀ rí, nígbà tí a wá bá Ọ̀gá sin ìyàwó rẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ wà nínú ọgbà, wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, páálí kan sì wà ní ojú gíláàsì iwájú rẹ̀ tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọkọ̀ títà ni. Awakọ̀ wa fọwọ́ tọ́ mi, ó ní ṣé mo rí i, tuntun ló fẹ́ rà. Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ó wọ bùbá àti ṣòkòtò ilé, awò ojú rẹ̀ wà ní iwájú orí. Kò retí wa. Pálọ̀ náà mọ́, ṣùgbọ́n kò sí òórùn oúnjẹ kankan nínú ilé náà, bí Kérésì ti sún mọ́lé tó. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, ó ń dá gbé ni.

Máníjà wò mí, mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Mo so gèlè mi le, mo kúnlẹ̀. Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì, ikùn onímáṣìn kò jẹ́ kí tirẹ̀ tẹ́. Mo ní, "Ọ̀gá, a wá dúpẹ́ ìrẹsì ni." Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún un. Mo ní a rí owó náà, pé bó ṣe rántí wa nígbà tí nǹkan le yìí, Ọlọ́run á rántí òun náà, pé ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò ní wó, pé ìyàwó rẹ̀ tó sùn á sinmi. Ẹnu mi dùn lọ́jọ́ yẹn, mo mọ̀ ọ́n, kò sí ibi tí mo ti kọsẹ̀. Ó wo máníjà, ó wo iṣu, ó wò mí. Ó wá ṣe àmín sí àdúrà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí mo fi parí, ó ní kí a dìde, pé Ọlọ́run gbọ́.

Ó ní òun á lọ mú mínírà wá fún wa. Mi ò lè jókòó kí Ọ̀gá máa gbé tíréè, mo bá tẹ̀ lé e dé kíṣìnnì. Ó ti ilẹ̀kùn ní díẹ̀, ó dúró ti fíríìjì láìṣí i.

"Ìyá Gọ́ọ̀mù," ó ní, "ìrẹsì wo?"

Mi ò mọ̀ rí pé ó mọ orúkọ yẹn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, iye tó wọlé fún mi, ohun tí a rò, bí a ṣe pinnu láti wá, mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Ó fa àpótí kékeré kan, ó jókòó lé e, ó pe ọmọbìnrin tó ń ṣírò owó fún un lórí fóònù. Ọmọ náà kò tíì pẹ́ níbẹ̀. Owó oṣù àwọn ará Àkúrẹ́, tó ga ju tiwa lọ, ló fi san tiwa. Mo gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti ibi tí mo dúró sí. Mo rò pé Ọ̀gá á lé e. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ fún un pé kò burú, kí ó má sunkún, kí ó lọ jẹun, ó sì pa fóònù náà. Ó wá sọ fún mi, láìwo ojú mi, pé owó pépà oṣù kìn-ín-ní fún Oǹdó ni owó tó kọjá ààlà yẹn. Òótọ́ ni pé òun ti ronú àtiti ibẹ̀ pa. Òun ò rówó ra ìrẹsì lọ́dún yìí, ìtìjú ni kò jẹ́ kí òun ránṣẹ́. Ọkọ̀ tí ó wà níta yẹn, òun fẹ́ tà á kí Oǹdó lè dúró ni. Ó jọ pé owó rẹ̀ náà kò ní tó mọ́ báyìí.

Mo ní, "Ọ̀gá, a máa dá a padà."

Ó mi orí. "Ẹ ti dojú bolẹ̀ fún mi lórí rẹ̀, mo sì ti ṣe àmín. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ní kí ẹ dá a padà? Má sọ fún wọn."

Mi ò dá a lóhùn. Fi èyí sọ́kàn, ọ̀rẹ́ mi, torí àwọn kan ti bi mí rí pé ṣé mi ò dalẹ̀ Ọ̀gá. Mi ò ṣèlérí kankan. Mo gbé tíréè mínírà, mo jáde sí pálọ̀, mo pín in fún wọn, mo rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí n rẹ́rìn-ín.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, orin tí wọ́n ń kọ tún lé kan sí i. Onímáṣìn ní ṣé a rí bí Ọ̀gá ṣe ń ṣe àmín, pé ẹni tó bá ṣe irú àmín yẹn kò lè ti ilé iṣẹ́ pa. Ẹnu wọn gbà á, ojú wọn dùn ún wò, èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ohun tí à ń kọrin lé lórí gan-an ló lè pa wá. Mo rò ó pé kí n dákẹ́. Ọ̀gá ló ní kí n dákẹ́, ọkọ̀ rẹ̀ ni, owó rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kó wọn lọ kúnlẹ̀, mi ò lè kó ènìyàn lọ kúnlẹ̀ fún ohun tí kò sí kí n máa wò wọ́n níran. Nígbà tí a dé Ọ̀wẹnà, mo ní kí awakọ̀ dúró. Ó rò pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo tún fẹ́ rà.

"Ọ̀gá ò fún wa ní nǹkan kan," mo sọ fún wọn. "Wọ́n ṣì í san ni. Owó pépà wa ni, ó sì fẹ́ ta ọkọ̀ rẹ̀ sí i dípò kó ní ká dá a padà."

Orin tán. A ń gbọ́ àwọn obìnrin tó ń pe oníbàárà níta. Onímáṣìn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré bí ti ọmọdé, ó ní, "Nítorí náà, kò sí ìrẹsì rárá." Nínú ìbànújẹ́ yẹn, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Awakọ̀ ní òun ti fi tòun san owó ilé. Máníjà ní òun náà ti ná lára tòun. Mo sọ fún wọn pé èmi náà ti san owó ilé ìwé. Mo wá gbójú sẹ́yìn wo oníkọ̀ǹpútà, mo ń retí kí ó sọ fún wa pé òun ti wí i. Ó tọ́ sí i láti sọ ọ́, mo sì ti múra àtigbà á.

Kò sọ ọ́. Ó ti bọ́ fìlà rẹ̀, ó ń yí i kiri lọ́wọ́. "Tí a bá gbé owó náà lọ fún un, a ti dójú tì í," ó ní. "Iṣẹ́ la máa fi dá a padà. Kò sì gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu wa."

Èmi tí mo ti pe ọkùnrin yìí ní oríṣiríṣi orúkọ lẹ́yìn rẹ̀, omi dé ojú mi. Ibẹ̀ yẹn náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, la ti fohùn ṣọ̀kan. Iṣẹ́ tí a bá ṣe kọjá àkókò, tí wọ́n máa ń san owó rẹ̀ lọ́tọ̀, máníjà ò ní fi ìṣirò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Àkúrẹ́ mọ́ títí tí yóò fi tó iye tí a gbà. Àwọn tó wà ní Àkúrẹ́ á kàn rò pé a kì í pẹ́ níbi iṣẹ́ mọ́ ni.

Oṣù kìn-ín-ní wọlé. Ọ̀gá ta ọkọ̀ rẹ̀, pépà sì dé. Àwọn ilé ìwé ń wọlé, wọ́n fẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ tó ní àmì ilé ìwé wọn lẹ́yìn, àwọn ìdílé tó fẹ́ sìnkú kí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì tó bẹ̀rẹ̀ náà ń wọ́ tẹ̀ lé ara wọn. Tí àkókò ilé bá tó, kò sí ẹni tó máa wo aago. Onímáṣìn, tí kì í fẹ́ kí aago méjì ọ̀sán bá a láìjẹun, á jẹ ẹ̀pà, á mu omi, á padà sídìí máṣìn. Oníkọ̀ǹpútà wá ń wá bá mi to ìwé lórí tábìlì, ó sì ń fi gọ́ọ̀mù ba aṣọ rẹ̀ jẹ́, mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí wọ́n wá wo Bàbá Gọ́ọ̀mù. Sátidé tí ó yẹ kí n máa fọṣọ nílé, ìdí ọ̀bẹ ìgéwé ni mo wà. Ó rẹ̀ mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àsìkò yẹn, kò sí ẹnì kan nínú wa tó ní òun ò ṣe mọ́, kò sí ẹni tó lọ sọ ọ́ níta, àní ìyàwó onímáṣìn kò mọ̀, ìyẹn sì ni ohun tó yà mí lẹ́nu jù. Ọmọbìnrin tó ń ṣírò owó pe máníjà lẹ́ẹ̀kan pé ṣé kò sí iṣẹ́ àfikún ní Oǹdó ni, pé òun ń rí iṣẹ́ tó ń jáde. Máníjà ní kò sí. Ó ní ọmọ náà kàn ní, "Ẹ ṣeun, sà." A mọ̀ pé ó ti yé e.

Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀ nígbà tí máníjà sọ fún wa pé ó ti tó, pé a ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè mọ́. A ò ṣe àjọyọ̀ kankan. Onímáṣìn kàn lọ sílé lásìkò lọ́jọ́ yẹn, ó sì fi ìdùnnú jẹun.

Kò pẹ́ sígbà náà, láàárọ̀ Sátidé kan, ọ̀kadà dúró níwájú ilé. Mo rò pé oníbàárà ni. Àgbàlagbà kan sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ pupa fún ẹrẹ̀, ó gbé odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà dání. Ọ̀gá ni. Ó ti wọ bọ́ọ̀sì èrò láti Àkúrẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Ọ̀wẹnà, ó tún wọ ọ̀kadà dé ọ̀dọ̀ wa. Onímáṣìn pa máṣìn. A jáde, a kí i, ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà sílẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn, ó ṣí fìlà rẹ̀, irun rẹ̀ ti funfun ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

"Mo rí uṣẹ́ yín," ó ní. Uṣẹ́ ló pè é, bí wọ́n ṣe ń pè é ní Ìsìkàn, ọjọ́ kìn-ín-ní tí a máa gbọ́ èdè ilé rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. "Mo wá dúpẹ́ ni."

Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dá a lóhùn, gbogbo wọn sì ń wo èmi. Mo kúnlẹ̀, mo wò ó lójú, mo bi í ní ìbéèrè tí òun náà bi mí ní kíṣìnnì.

"Ọ̀gá, ọpẹ́ kí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Mo wá rí eyín rẹ̀, ó mọ́, ọ̀kan ti kán níwájú.

"Ọpẹ́ ìrẹsì ni," ó ní.

Kò sí ẹni tó tún sọ ju ìyẹn lọ nínú wa, títí dòní, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí kò yé. Ilé iṣẹ́ náà kò kú, ọmọ mi jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, òun gan-an ti ń kọ́ ọmọ ẹlòmíràn báyìí. Mo ti gba ẹ̀bùn láyé mi, wọ́n ti fi ìwé yìn mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti pè mí síwájú kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ kí inú mi dùn sí irú ènìyàn tí mo jẹ́, inú bọ́ọ̀sì kàlẹ́ńdà yẹn ní Ọ̀wẹnà ni mo máa ń padà sí, láàárín àwọn tó ti ná owó tán tí wọ́n sì fohùn kan sọ pé àwọn á san án. Mo ti jẹ ìrẹsì lóríṣiríṣi, ọ̀rẹ́ mi. Kò tíì sí èyí tó yó mi tó èyí tí kò dé Oǹdó rárá.